Pákó Ọkọ̀ Jọọlá

Àìsàn tó ń ṣe Mátíù kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù. Tó bá ti kù díẹ̀ kó borí, ọwọ́ rẹ̀ á kú. Bí ẹ bá bá a níbi tó ti ń gbá tẹ́níìsì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ ó rò pé wọ́n bí i mọ́ ráákẹ́ẹ̀tì ni: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá, ọwọ́ rẹ̀ ń rọ̀, bọ́ọ̀lù sì ń lọ síbi tó bá rán an. Ṣùgbọ́n kó sáà ku ẹyọ àmì kan ṣoṣo kó borí. Ìgbà náà ni ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ nínú orí rẹ̀: Mátíù, má jù ú síta o. Mátíù, ṣé o rí i pé ó ti kù díẹ̀? Mátíù, ti ọjọ́sí ńkọ́? Kó tó wá èsì fún un, bọ́ọ̀lù á ti wà nínú nẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbá a, kò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Pápá tó ti ń gbá a wà ní Molútẹ̀hìn, abúlé orí omi kan, lórí ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ elépo kan fi yanrìn dí nígbà kan kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè ríbi na ara. Ilé-iṣẹ́ náà ti kó lọ tipẹ́. Ohun tó kù ni kọnkéré pẹlẹbẹ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi àwọ̀n ẹja lẹ̀ káàkiri, àti ògiri pákó kan ní ìpẹ̀kun tó kọjú sí omi, níbi tí ẹni tí kò bá ní alábàágbá ti lè máa dá lu bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni èbúté wà.

Ẹni méjì péré ló ń lò ó. Mátíù lọ́kan, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Jọọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ìkejì, apẹja ni. Jọọlá ti se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ elépo rí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ eré náà, òun ló sì fi kọ́ Mátíù. Kò lágbára tó Mátíù, kò sì lè sáré tó o. Orí rẹ̀ ló balẹ̀. Á jẹ́ kí Mátíù máa ṣíwájú, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, tó bá wá ku ẹyọ kan, á kàn máa dá bọ́ọ̀lù padà jẹ́jẹ́ títí Mátíù á fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ó máa ń bá a wí, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú. "Mátíù, orí omi ni wọ́n bí ẹ sí. Bí omi bá wọ ọkọ̀, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń gbọ́n ọn."

"Ṣé o máa ń dúró ka èyí tó kù nínú òkun?"

"Rárá."

"Igbá tó wà lọ́wọ́ ẹ nìkan lò ń dà nù. Bọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Igbá kan, o dà á. Igbá kan, o dà á. Kí ló wá dé tó o fi fẹ́ gbọ́n òkun?"

Mátíù á rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, á tún gbọ́n òkun.

Nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ó kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Gémù márùn-ún sí mẹ́ta ló fi ń ṣíwájú, ojú àmì sì ti di fọ́tí sí fífútíìn. Ẹyọ kan ló kù. Mátíù ti gbé bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ láti gbá a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò dé bí ẹni tó ń sá bọ̀. Jọọlá fi ráákẹ́ẹ̀tì bo orí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbé ẹyọ kan rẹ lọ sílé," ó ní. "A ó parí ẹ̀ ní Sátidé. Má rò ó jù o."

Ní Wẹ́sìdeè, Jọọlá lọ sí òkun, kò padà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí abúlé Oríòkè-Ìwàmímọ́, ó léfòó jẹ́jẹ́, igbá ìgbọ́nmi inú rẹ̀ sì gbẹ. Wọ́n wá Jọọlá fún ọjọ́ mọ́kànlá, wọn kò rí i.

Mátíù sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹkún gidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má parọ́ fún ara wa: nǹkan mìíràn tún wà lábẹ́ ẹkún náà. Ẹyọ kan yẹn há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ó nira kéèyàn máa sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì tún máa rò ó pé ṣé òun ì bá borí. Ojú ara rẹ̀ ń tì í, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá di ẹni tó ń lọ síbi ògiri pákó láràárọ̀, tó ń lu bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, tó ń ka iye tó gbá kó tó pàdánù. Kì í ju ogún lọ kí ohùn inú orí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù Kejìlá, iyọ̀ omi jẹ pákó ògiri náà tán, ó sì ń fọ́ sọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Mátíù ti ṣe àṣìṣe.

Ní ilẹ̀ omi yìí, ọkọ̀ tó bá dá wálé láìsí ẹni tó ni ín, ṣe ni wọ́n ń da ojú rẹ̀ délẹ̀ sétí èbúté, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ títí tí á fi rà. A kì í tú pákó rẹ̀, a kì í fi dáná. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Jọọlá ṣe wà, igi dáadáa, tí kòkòrò kò tíì fẹnu kàn. Mátíù wò ó títí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kò ní bínú, pé ìyẹn ló tilẹ̀ máa jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa gbá a. Ó tú pákó mẹ́rin níbẹ̀, ó kàn án mọ́ ògiri.

Pákó ti tẹ́lẹ̀ máa ń dún pá, bí ìgbátí. Ti Jọọlá ń dún gbọ̀, ohùn náà sì ń rìn lọ jìnnà lórí omi.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá Jọọlá tẹ ọ̀pá rẹ̀ wá sétí pápá. Àgbàlagbà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Mátíù, pákó ta nìyẹn?"

Mátíù dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò lè purọ́. "Ti Jọọlá ni, Màmá. Ti àtijọ́ ló bàjẹ́."

"Ohùn igi ọkọ̀ lò ń gbé jáde láràárọ̀ yẹn. Bí ẹnì kan bá wà lójú omi tó ń gbọ́ ọ, kí lo fẹ́ kó rò?"

Ohun tó ń sọ yé Mátíù dáadáa. Lórí omi níbẹ̀, bí kùrukùru bá bolẹ̀, wọn kì í pariwo orúkọ ara wọn, nítorí a kì í mọ ohun tó máa dáhùn orúkọ tí wọ́n bá pè lójú omi. Ẹni tó bá sọnù á fi àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ kan ara ọkọ̀ rẹ̀, gbọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí ilẹ̀ á kan igi dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, gbọ̀ níhìn-ín, gbọ̀ lọ́hùn-ún, títí imú ọkọ̀ á fi kan èbúté. Ohun tó o bá fi kọ́kọ́ dáhùn náà ni wàá fi dáhùn dópin, torí bí ohùn bá yí padà, ẹni tó wà lójú omi á rò pé èbúté mìíràn ló ń pe òun. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ti dáhùn kò gbọdọ̀ dákẹ́ títí ẹni náà á fi gúnlẹ̀. Ó sàn kó o di etí ju kó o dáhùn kó o tún dákẹ́.

Àánú ìyá náà ṣe Mátíù. Ọ̀fọ̀ ọmọ ló ń dà á láàmú, ó rò ó bẹ́ẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Màá tú u." Kò tú u.

Bọ́ọ̀lù yìí ti sú ìyàwó rẹ̀ gan-an. Mojísọ́lá ni orúkọ obìnrin náà, ìyá Promise ọmọ wọn, edé ló ń tà, ọkọ̀ tirẹ̀ sì ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ti wà ní títú sílẹ̀ lórí tábìlì Mátíù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì ìyàwó kò ṣiṣẹ́: ẹ ò rí nǹkan!

"Bàbá Promise, ẹ́ńjìnnì mi ti di òkú ẹja lórí tábìlì yín."

"Màá dì í padà lọ́la, Ìyá Promise."

"Ọ̀la yín kì í mọ́." Ọjọ́ Fúráìdeè nìyẹn, nínú oṣù Kínní, ó sì ti gbé àjẹ̀ lé èjìká. Abẹ́rẹ́kẹ́ ló ń lọ, kó lọ ra edé, kó sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó padà ní ìdájí Sátidé. "Àjẹ̀ ni mo fi ń lọ, àjẹ̀ náà ni màá fi bọ̀. Ẹ̀yin ẹ máa bá igi ṣeré."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mátíù, torí òótọ́ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, kùrukùru ọyẹ́ ti gba gbogbo ayé. Èèyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Mátíù mú ráákẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀lù méjì tó kù lọ sí pápá láago méje, ó ní òun á máa gbá a títí Mojísọ́lá á fi dé. Òun náà kò rí ju ògiri pákó lọ. Lẹ́yìn ògiri, funfun ni.

Ó gbá bọ́ọ̀lù. Gbọ̀.

Láti ojú omi, nǹkan kan dáhùn. Gbọ̀.

Gbohùn-gbohùn ni, ó rò ó. Ó tún gbá a. Gbọ̀. Gbọ̀, ni ojú omi wí. Ṣùgbọ́n gbohùn-gbohùn kì í dúró. Èyí ń dúró. Ó ń dúró fún ìwọ̀n tó yẹ kí bọ́ọ̀lù fi kọjá nẹ́ẹ̀tì, kó ta lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan sì dá a padà. Ó gbá òmíràn jẹ́jẹ́, ìdáhùn náà pẹ́ díẹ̀. Ó gbá a le, ó tètè dé. Ó wá ta bọ́ọ̀lù sí igun ọ̀tún pátápátá, sí ibi tí ẹsẹ̀ Jọọlá kì í tètè dé, ó sì tẹ́tí.

Ìdáhùn náà pẹ́, bíi ti ẹni tó sáré kó tó bá a.

Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e fò kọjá lórí ògiri wọnú funfun. Ó dúró kó gbọ́ kó já sómi, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ti yí padà láti sá nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Mojísọ́lá ni, láti Abẹ́rẹ́kẹ́. "Bàbá Promise, ṣé ọmọ mi ti délé? Ó ti kúrò níbí láago márùn-ún ààbọ̀."

Wákàtí kan ni ìrìn náà. Aago mẹ́jọ ti ń lù lọ. Mátíù pe fóònù ìyàwó rẹ̀, kò wọlé. Ó wo omi lábẹ́ èbúté: ó ń fà, ó ń fà kíákíá lọ sí ẹnu òkun. Ẹni tó bá ṣìnà lórí rẹ̀ nírú àkókò yìí, òkun ló máa bá ara rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé òun gbé ẹ́ńjìnnì wọnú kùrukùru láti wá a, ariwo ẹ́ńjìnnì kò ní jẹ́ kí òun gbọ́ nǹkan kan, òun sì lè kọlù ú.

Gbọ̀, ni ojú omi wí, òun nìkan.

Ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ já. Mojísọ́lá ni! Mojísọ́lá ló ń kan ọkọ̀ láti ìgbà yìí, òun sì ti dá a lóhùn, òun sì ti dákẹ́. Ó sáré gbé àjẹ̀ kan nílẹ̀, ó fi lu pákó náà kíkankíkan. Ojú omi dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tún lù ú. Kò sí ìdáhùn.

"Kí lo fi kọ́kọ́ dáhùn?" Ìyá Jọọlá ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn náà láti ilé.

"Bọ́ọ̀lù, Màmá."

"Bọ́ọ̀lù náà ni kó o fi dáhùn."

"Ẹyọ kan ló kù. Bí mo bá jù ú síta ńkọ́?"

"Má jù ú síta."

Ohùn inú orí rẹ̀ gan-an nìyẹn! Mátíù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà, gbọ̀, ojú omi sì dáhùn kíá.

Ó gbá ẹ̀ẹ̀kejì, ìkẹta, títí dé ìkejìlá. Ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀: Mátíù, ẹyọ kan ló kù. Mátíù, bí eléyìí bá lọ, ìyàwó rẹ lọ. Mátíù, ta ló fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí tábìlì? Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bọ́ọ̀lù kan etí pákó, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń lọ sínú omi. Mátíù fi àyà sọlẹ̀ lórí kọnkéré, ó sì dá a dúró pẹ̀lú ìka méjì. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ojú omi kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún kàn án, ohùn náà sì ti jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó dìde. Òkun ni mò ń gbọ́n, ó wí nínú ara rẹ̀. Ìyàwó mi, ẹ́ńjìnnì, ẹnu òkun, gbogbo rẹ̀ òkun ni. Ó wo bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀, bí irun bọ́ọ̀lù náà ti re tán, bí ìlà ara rẹ̀ ti yí po.

"Igbá kan," ó wí ketekete, ó sì gbá a.

Gbọ̀. Gbọ̀.

"Igbá kan."

Kò kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án tí kò ka nǹkan kan. Ohùn inú orí rẹ̀ ń rojọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí aládùúgbò tó ń jà lẹ́yìn ògiri ló ṣe ń gbọ́ ọ. Ìdáhùn ojú omi ń súnmọ́, ó tún ń jìnnà, ó tún ń súnmọ́. Apá Mátíù wú. Oòrùn gòkè lẹ́yìn kùrukùru láìfi ojú hàn, ìyá Jọọlá kò sì kúrò níbi tó dúró sí.

Nígbà tó pẹ́, imú ọkọ̀ kan yọ nínú funfun, ó sì forí sọ èbúté.

Mojísọ́lá ni. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, edé rẹ̀ ti dà sínú ọkọ̀. Mátíù gbá bọ́ọ̀lù mú, ó sáré gbé ìyàwó rẹ̀ sókè sórí ilẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ti bó. Mátíù dì í mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò tijú.

"Ìyá Promise, màá di ẹ́ńjìnnì yẹn padà lónìí. Lónìí yìí gan-an."

"Mo ti rí ẹnu òkun, Bàbá Promise. Mo rí ìgbì funfun níwájú mi. Kí n tó gbọ́ ohùn yín."

"Àwa náà gbọ́ tìrẹ. Ọlọ́run ló ní kó o máa kan ọkọ̀."

Mojísọ́lá wò ó. "Mi ò kan ọkọ̀."

"O kàn án. Ìwọ lò ń dá mi lóhùn."

"Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi kàn án? Bí mo bá gbé àjẹ̀ kúrò lómi lẹ́ẹ̀kan báyìí, omi á gbé mi lọ. Ẹ̀yin méjì ni mo gbọ́. Ọ̀kan ń kàn níwájú, ọ̀kan ń dá a lóhùn lẹ́yìn mi. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ yà, ti ẹ̀yìn á súnmọ́ mi, bíi kó máa tì mí bọ̀." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá Promise, ta ló wà lẹ́yìn mi?"

Láti inú funfun, ojú omi kàn án lẹ́ẹ̀kan. Gbọ̀.

Mojísọ́lá gbá ọrùn-ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ má dáhùn. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ìyá Jọọlá ti jókòó sílẹ̀ lórí kọnkéré. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan, ojú rẹ̀ wà lórí omi.

"Mátíù," ó ní, "o ti dá a lóhùn. Ọmọ mi kò sì tíì gúnlẹ̀."

Mojísọ́lá wo ìyá náà títí. Lẹ́yìn náà ló tú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ jókòó tì í.

Ẹ̀rù ń ba Mátíù. Ohùn inú orí rẹ̀ ti dé pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀: bó bá gúnlẹ̀ ńkọ́? Irú nǹkan wo ló máa gúnlẹ̀? Mátíù, fọ́tí sí fífútíìn ni o, ẹyọ kan ló kù. Ó jẹ́ kí ohùn náà sọ tirẹ̀ tán. Ó nu bọ́ọ̀lù mọ́ ṣòkòtò, ó dúró níbi tó ti yẹ kó dúró láti oṣù kẹfà, ó sì gbé ráákẹ́ẹ̀tì sókè.

"Igbá kan," ó wí.

Ó gbá a, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kú. Ìdáhùn tó dé báyìí kò ti ojú omi wá mọ́: ara igi èbúté ló ti dún.